Kí ẹ tó sanwó fún ẹni tó ń bá ìjàpá sọ̀rọ̀

Ẹ kú ìrọ́jú o, Ìyá Ìbejì. Mo ka ohun tí ẹ kọ, pé láti ìgbà tí ẹ ti kó kúrò ní Kétu wá sí Àjàṣẹ́ ni ìjàpá àwọn ọmọ kò ti jẹun mọ́. Pé obìnrin kan tó ní òun máa ń fi ọkàn bá ẹranko sọ̀rọ̀ wo fọ́tò rẹ̀ lórí WhatsApp, ó sì ní inú ló ń bí i torí pé ẹ kò sọ fún un kí ẹ tó gbé e kúrò nílé. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ san owó ìpàdé kejì. Tèmi ni pé kí ẹ má tíì san án. Ẹ kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ omi rẹ̀ ní ìdájí, kí ẹ gbọ́ bó ṣe tutù tó.

Mi ò fi ojú yẹpẹrẹ wo ọ̀rọ̀ yín. Ẹni tó bá ń tọ́jú ẹranko tí kì í gbó, tí kì í ké, ó mọ bó ṣe máa ń rí lára nígbà tó bá ń wo èèyàn láìsọ nǹkan kan. Èmi náà ní ọ̀kan nílé ní Wàndó. Ahun omi ni, abo ni. Lọ́wọ́ apẹja kan létí ọ̀sà ni àbúrò ìyá mi ti rà á kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọjà Àjàrá, ó sì sọ ọ́ ní Yánníbo. Nígbà tí iṣẹ́ gbé àbúrò ìyá mi lọ sí Kútọnu, ó fi í sílẹ̀ fún mi.

Ọyẹ́ àkọ́kọ́ tó bá a lọ́dọ̀ mi ló kọ oúnjẹ. Ẹja wẹ́wẹ́ tó máa ń já gbà lọ́wọ́ mi, kò tilẹ̀ yíjú sí i mọ́. Àbúrò ìyá mi wá ẹnì kan tó ń gbé ní Faransé, tí irú iṣẹ́ yìí jẹ́ tirẹ̀, a sì jọ pè é lórí fóònù. Ó dijú, ó mí kanlẹ̀, ó ní àárò àbúrò ìyá mi ló ń sọ Yánníbo, pé ó rò pé wọ́n ti ta òun nù. Ẹkún ni àbúrò ìyá mi bú sí. Ta ni kò ní sunkún? Ìyá tó fi ohun tó fẹ́ràn sílẹ̀, tí wọ́n wá sọ fún un pé ohun náà ń wá a kiri.

Mo bẹ̀ ẹni náà pé kó bá mi bi Yánníbo léèrè èwo nínú ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò ní èékánná. Àwọ̀n ló gé èékánná kan lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí wọ́n mú un, kò sì hàn nínú fọ́tò. Ó ní ẹranko kì í fẹ́ kí wọ́n dán òun wò. A ò gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìdí tí mo fi bèèrè nìyí. Ẹṣin kan wà ní Berlin, ní Jámánì, tí wọ́n ń pè ní Hans. Olówó rẹ̀, Wilhelm von Osten, kọ́ ọ ní ìṣirò. Tí wọ́n bá bi í ní iye kan, á máa fi pátákò gbá ilẹ̀ títí iye náà á fi pé. Àwọn ọ̀mọ̀wé wò ó, ó yà wọ́n lẹ́nu. Ní 1907 ni olùwádìí kan, Oskar Pfungst, wá fi hàn pé bí ẹni tó ń bèèrè kò bá mọ ìdáhùn, Hans náà kò ní mọ̀ ọ́n. Ara olùbéèrè ló ń wò: bí iye bá ti pé, orí ẹni náà á mì díẹ̀ láìmọ̀, ẹṣin á sì dáwọ́ dúró. Kò sí ẹlẹ́tàn níbẹ̀, von Osten pàápàá gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Bákan náà ni ó ṣeé ṣe kí obìnrin yẹn gba ohun tó ń sọ gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín kọ ọ́ pé ẹ ti sọ fún un pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé. Ìyẹn ló dá padà fún yín. Ẹ bi í ní ohun tí ẹ kò tíì sọ, tó sì ṣeé wò lára ìjàpá náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí a pe ẹni Faransé yẹn, mo jókòó ti bàáfù kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Yánníbo léfòó, ṣùgbọ́n kò léfòó gún. Ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ rì sínú omi, etí ìkarahun apá ọ̀tún wà lókè, ó ti gbẹ. Ó na ọrùn, ó la ẹnu, ó mí. Ìfófòó kékeré kan wú ní ihò imú rẹ̀, ó bẹ́, òmíràn tún wú. Mo gbé e sún mọ́ etí mi, mo gbọ́ ohùn kan bíi ti ẹni tó ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ́fun. Mo ti tẹmọ́mítà bọ omi náà: 21 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Orí táìlì ni bàáfù ti sùn mọ́jú, ọyẹ́ sì ń fẹ́ wọlé láti ojú fèrèsé.

Òtútù àyà ni. Ẹ̀dọ̀fóró tó bá ní omi nínú máa ń wúwo ju èkejì lọ, òun ló ń fa ẹ̀gbẹ́ kan wálẹ̀. Ìjàpá kò sì lè wúkọ́ bíi tiwa láti tú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Ara rẹ̀ kì í dá ooru tirẹ̀ ṣe, ìta ló ti ń gbà á. Bí omi bá tutù, inú rẹ̀ kì í lè lọ oúnjẹ, agbára tó fi ń bá àrùn jà náà á rẹlẹ̀. Ohun tí a pè ní àárò nìyẹn.

Dókítà ẹranko àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ bá, ewúrẹ́ àti adìyẹ ló mọ̀. Ó kọ fítámì fún mi, ó ní kí n máa lọ. Ìkejì ni ó ní kí n bu omi sínú bàsíà kó lè rí bó ṣe ń léfòó. Abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta ló gún un, ní ẹsẹ̀ iwájú, torí ẹ̀jẹ̀ láti ìdí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lè gba inú kíndìnrín kọjá kó tó tàn káàkiri. A dín omi kù kó má ga ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, a gbé bàáfù sórí pákó, a fi gílóòbù kan sókè ibi tó lè gùn, omi wá dúró láàárín 25 sí 28. Ó pẹ́ kó tó jẹun. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀: ara tó ń lọ díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀ náà ló ń yá.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí mo mú lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ọkàn bá ẹranko sọ̀rọ̀, tí mi ò sì ní fi sílẹ̀. Wọ́n ní kí èèyàn pa fóònù, kó jókòó jẹ́ẹ́ ti ẹranko náà, kó má béèrè nǹkan kan. Ó dára gan-an. Ẹni tó bá fi sùúrù wo èèrà ló ń rí ìfun inú rẹ̀. Ohun tí ọkàn yín bá sọ níbẹ̀, ẹ má jù ú nù, ẹ má sì tíì gbà á. Ẹ wá ibi tí ẹ ti lè yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn ìgbà tí ara Yánníbo ti yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná ha ara bàáfù lóru, kò sinmi. Èmi rò pé oko ló fẹ́ padà sí. Àbúrò ìyá mi wá kí wa, ó wò ó pẹ́, ó ní, "Nǹkan ló ń wá, kì í ṣe ibi tó ń lọ." Dókítà fi ìka tẹ kòtò rírọ̀ tó wà níwájú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹyin ló bá níbẹ̀. Ahun lè yé ẹyin láìsí akọ, ẹyin náà kò kàn ní di ọmọ ni. Bí kò bá sì rí ilẹ̀ gbẹ́, ẹyin lè há sí i nínú. A da iyanrìn tútù sínú àpótí ńlá kan, a gbé e sí i, ó gbẹ́ ẹ, ó yé. Ojú inú àbúrò ìyá mi ríran lọ́jọ́ náà, ìka dókítà sì jẹ́rìí sí i.

Àwọn ìjàpá tilẹ̀ ní ohùn. Ní 2022, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Gabriel Jorgewich-Cohen, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ohùn oríṣi ìjàpá bí àádọ́ta sílẹ̀, àwọn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti rò pé odi ni wọ́n. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣẹ̀sín pé ẹ ń tẹ́tí sí ìjàpá.

Ó ku tiyín. Ẹ kò sọ irú èyí tó jẹ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ló ń ká ọrùn rẹ̀ sí, ti omi ni, bíi tèmi. Tí ìkarahun ẹ̀yìn rẹ̀ bá ní oríkèé tó ń pa dé nídìí, ti ilẹ̀ igbó nìyẹn, ẹ má ṣe fi sínú omi jíjìn, á kú. Ìjàpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tuntun lè kọ oúnjẹ fún ọjọ́ bíi mélòó kan láìní àrùn, torí náà ó lè jẹ́ kíkó tí ẹ kó náà ló fà á, kì í ṣe ìbínú. Ṣùgbọ́n bó bá ń la ẹnu mí, bó bá dà sí ẹ̀gbẹ́ kan lójú omi, bí imú rẹ̀ bá ń yọ ìfófòó, tàbí tí ojú rẹ̀ wú tí kò là, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lónìí. Ẹ tẹ ìkarahun rẹ̀ pẹ̀lú: tó bá rọ̀ lábẹ́ ìka lára èyí tó ti dàgbà, kò rí oòrùn tó, egungun rẹ̀ ló ń jìyà. Oòrùn tó gba gíláàsì fèrèsé wọlé kò kà, ìta ni kí ẹ gbé e sí, kí ìdajì bàáfù wà lábẹ́ òjìji.

Àwọn ìbejì kò gbọdọ̀ máa fi ẹnu kò ó lẹ́nu, kí wọ́n sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Ìjàpá tí ara rẹ̀ dá pàápàá lè gbé salmonella, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru. Nítorí àwọn ọmọdé ni Amẹ́ríkà fi fòfin de títa àwọn kéékèèké ní 1975.

Ẹ wọn omi náà ní ìdájí ọ̀la, ẹ yà á ní fọ́tò láti òkè nígbà tó bá ń léfòó, kí gbogbo etí ìkarahun hàn, kí ẹ tún ya imú rẹ̀ nítòsí. Ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ pẹ̀lú iye tí omi jẹ́. Mo máa ń wà nílé lẹ́yìn ìrun ìṣà, màá wò ó lójú ẹsẹ̀.