Iye tí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù insọ́ránsì kọ́ ni iye tí wọn yóò san: ìdáhùn fún oní-kárávánì Ìbarà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra tirélà àtijọ́ kan tó wá láti ìlú òyìnbó, irú èyí tí èèyàn lè sùn nínú rẹ̀, tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò. Sprite ni wọ́n kọ sí i lára, ẹni tó tà á fún mi sì ní ó ti lé ní ogójì ọdún. Àti rírà àti títún un ṣe, owó tí mo ti ná lé e lórí ti kọjá mílíọ̀nù 8 náírà. Hilux mi ni mo fi ń fà á. A máa ń gbé e jáde nígbà ọlidé, ọmọ mi obìnrin sì fẹ́ máa fi ta ìrẹsì ọ̀fadà ní Kútọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tó ń bá mi ṣe insọ́ránsì ní kí n kọ mílíọ̀nù 12 sínú fọ́ọ̀mù, pé bó bá jóná, mílíọ̀nù 12 náà ni wọ́n á kà fún mi. Ṣé òótọ́ ni? Àbí third party tí mo ní lórí Hilux ti tó? Bàbá Tóyìn, Ìbarà.

ÌDÁHÙN: Bàbá Tóyìn, ẹ kú ìnáwó. Lẹ́tà yín ni ìkẹta irú rẹ̀ tó dé ọwọ́ mi lọ́dún yìí. Ọ̀kan jẹ́ ti Peugeot 504, ọ̀kan jẹ́ ti bọ́ọ̀sì Volkswagen àtijọ́, kí tiyín tó dé. Ohun kan náà ni wọ́n sọ fún gbogbo yín: "Ẹ kọ iye tó pọ̀." Inú ń bí mi sí àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, mi ò sì ní fi bò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ohun méjì kúrò lọ́nà.

Ẹ má pè é ní tirélà mọ́. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, tirélà ni ọkọ̀ gàgàrà tó ń kó sìmẹ́ńtì jáde ní Ewékorò. Bí akọ̀wé kan bá gbọ́ tirélà, àárín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ni yóò jù yín sí. Nínú iye tí àjọ NAICOM, àwọn tó ń darí gbogbo iṣẹ́ insọ́ránsì ní Nàìjíríà, fi lélẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 2023, third party ọkọ̀ akẹ́rù nìkan jẹ́ 100,000 náírà, ti mọ́tò àdáni sì jẹ́ 15,000. Kárávánì ni tiyín: ilé kékeré onítáyà tí kò ní ẹ́ńjìnnì. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀ sábẹ́.

Ní ti third party, orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́: ẹnìkẹta ni wọ́n ṣe é fún. Bí Hilux yín bá gbá ẹlòmíràn tàbí mọ́tò rẹ̀, òun ni wọn yóò sanwó fún, ìyẹn dé mílíọ̀nù 3 náírà lórí dúkìá nínú ètò 2023 náà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025 ni ọlọ́pàá ti ń bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ onímọ́tò káàkiri orílẹ̀-èdè, nítorí náà ẹ kò gbọdọ̀ wà láìní i. Àmọ́ bí kárávánì yín bá jóná ráúráú, third party kò ní san kọ́bọ̀ lé e lórí. Bó bá sì jẹ́ pé kárávánì ló fi ẹ̀gbẹ́ gbá ẹlòmíràn nígbà tó wà lẹ́yìn Hilux, ìwé àdéhùn Hilux ni ẹ máa wò bóyá ó mẹ́nu ba ohun tí ọkọ̀ ń fà. Ẹ kọ̀wé béèrè, kí wọ́n kọ̀wé dá yín lóhùn. Ọ̀rọ̀ orí fóònù kò wúlò lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé.

Ó wá ku mílíọ̀nù 12.

Bàbá, iye tí ẹ bá kọ sínú fọ́ọ̀mù, ẹ kà á sí àjà ilé. Owó tí wọn yóò san fún yín kò lè gba orí àjà kọjá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ṣèlérí pé yóò kan àjà. Ohun tó wà nínú àdéhùn ọkọ̀ tó wọ́pọ̀ ni pé tí òfò bá ṣẹlẹ̀, wọn yóò wo iye tí nǹkan náà ń lọ lọ́jà ní kété kí òfò tó dé, wọn yóò wo iye tó wà nínú ìwé, èyí tó bá kéré jù nínú méjèèjì ni wọn yóò san. Iṣẹ́ adójútòfò, ìyẹn ilé iṣẹ́ insọ́ránsì, ni láti dá yín padà síbi tí ẹ wà kí òfò tó ṣẹlẹ̀. Kò sí èrè nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ lè jèrè lórí iná, irọ́ ló pa fún yín.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Comprehensive, ìyẹn èyí tó ń dáàbò bo dúkìá tiyín pẹ̀lú ti ẹnìkẹta, NAICOM ní kò gbọdọ̀ dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ẹ kọ. Bí wọ́n bá gba kárávánì yín wọlé bí ọkọ̀, mílíọ̀nù 12 yóò gba 600,000 náírà lọ́wọ́ yín lọ́dún. Mílíọ̀nù 8 yóò gba 400,000. Ẹ ó san 200,000 lé e lọ́dọọdún lórí owó tí ẹ kò ní fojú rí. Ta ni yóò jẹ àǹfààní rẹ̀? Iye tí ẹ bá san ni wọ́n fi ń ṣírò kọmíṣọ́ọ̀nù ẹni tó mú yín wá. Èmi náà ń gbà á, ìdí nìyẹn tí mo fi mọ ohun tí mò ń sọ.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, bàbá kan ní Àdàtán ní 504 tó ń tọ́jú bí ọmọ. Kó tó di oníbàárà mi, ẹnìkan ti bá a kọ mílíọ̀nù 5 sínú fọ́ọ̀mù. Wáyà gbiná lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ náà jóná síwájú ilé. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ náà rán ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò òfò wá. Ọkùnrin náà kò fi ọ̀rọ̀ gún ẹnikẹ́ni lára. Ó yọ bírò, ó béèrè: Fọ́tò ọkọ̀ yìí kó tó jóná dà? Rìsíìtì ẹ́ńjìnnì tí ẹ ní ẹ pààrọ̀ dà? Ta ló díye lé e, lọ́jọ́ wo? Fọ́tò kan ṣoṣo la rí, ti ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ìyàwó dúró síwájú, ìdajì bọ́nẹ́ẹ̀tì ló hàn lẹ́yìn rẹ̀. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ni bàbá náà ń fi àtàǹpàkò nu eérú kúrò lára àmì kìnnìún tó ṣẹ́kù síwájú ọkọ̀. Wọ́n san mílíọ̀nù kan àti díẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ló ti fi ń sanwó lórí mílíọ̀nù 5.

504 ṣì ní ọjà tirẹ̀ o, èèyàn lè rìn dé ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì kó béèrè iye tó ń lọ. Kárávánì Sprite ológójì ọdún ńkọ́? Mélòó ni wọ́n ń tà ní Abẹ́òkúta lọ́dún? Aṣèyẹ̀wò tí kò bá rí ọjà fi wé e yóò kà á sí páànù àti pákó ogbó, yóò sì máa yọ owó ọjọ́ orí kúrò títí yóò fi kù díẹ̀. Gbogbo owó tí ẹ san fún káfíńtà, wẹ́dà àti ọ̀dà kò ní wọ inú ìṣirò bí kò bá sí ìwé tó sọ ọ́.

Ní Amẹ́ríkà pàápàá, àwọn tó ní kárávánì Airstream àtijọ́, àwọn onípáànù dídán tó rí bí ọta ìbọn, ń bọ́ sínú kòtò yìí. Ìwé méjì ló wà níbẹ̀ tí orúkọ wọn jọra: stated value àti agreed value. Èkíní ni iye tí ẹ̀yin nìkan sọ, ilé iṣẹ́ sì lè san ohun tó kéré sí i. Èkejì ni iye tí ẹ̀yin àti ilé iṣẹ́ jọ fẹnu kò lé kí ìwé tó jáde, òun ni wọn yóò san bí nǹkan náà bá ṣègbé pátápátá, láìsí pé ẹnikẹ́ni tún ń wá ọjà kiri. Èyí kejì ni ẹ fẹ́, Bàbá. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún alágbàtà yín: "Iye tí a jọ fẹnu kò lé ni mo fẹ́, kí ẹ kọ ọ́ mọ́ ìwé àdéhùn, kí ilé iṣẹ́ buwọ́ lù ú." Kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló máa gbà. Ẹ jẹ́ kó gbé e lọ sí ibi mẹ́ta mẹ́rin. Bí kò bá fẹ́ rìn, ẹ wá alágbàtà mìíràn tó ní ìwé àṣẹ NAICOM.

Kí wọ́n tó lè bá yín fẹnu kò, wọn yóò fẹ́ rí ẹ̀rí: ìwé ẹni tó mọ̀ nípa dídíye lé ọkọ̀, rìsíìtì, àti fọ́tò láti ìta, láti inú, láti abẹ́, tí ọjọ́ hàn lára rẹ̀. Ẹ tún iye náà yẹ̀ wò lọ́dọọdún, nítorí náírà kì í dúró sójú kan.

Ẹ̀rí pé tiyín ni tún le ju bí ẹ ṣe rò lọ. Kárávánì kì í ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìjọba ní England bíi ti mọ́tò. Ètò CRiS tí àwọn tó ń ṣe kárávánì níbẹ̀ fi ń fún un ní nọ́ńbà, ọdún 1992 ló bẹ̀rẹ̀, tiyín sì ti wà ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà, ìwé tí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹni tó tà á, ìwé ọkọ̀ ojú omi àti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù ni ẹ máa fi gbèjà ara yín. Ẹ wá nọ́ńbà tó wà lára irin abẹ́ rẹ̀, kí ẹ yà á ní fọ́tò.

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni wá wò ó, ẹ wọ inú rẹ̀ fúnra yín lẹ́yìn òjò. Mo ti wo ọ̀kan rí tí ìta rẹ̀ ń dán bí àwo tuntun. Mo fi àtàǹpàkò tẹ igun abẹ́ fèrèsé, ìka mi rì wọlé bí ẹni tẹ ẹ̀kọ tútù, omi sì yọ. Páànù ló wà níta, pákó tó ti jẹrà ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí adójútòfò tó ń sanwó lórí jíjẹrà, ìpata tàbí ogbó. Ẹ wo táyà náà: nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn jẹ́ ọdún tí wọ́n ṣe é. Táyà kárávánì máa ń gbó lórí ìdúró.

Ọ̀fadà ọmọ yín ńkọ́? Ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ pa á mọ́ kí owó lè dínkù. Bí ẹ bá kọ "ìgbafẹ́ ìdílé" sínú fọ́ọ̀mù, tí iná sì ṣẹ́ lára sìlíńdà gáàsì níbi tó ti ń se ìrẹsì tà, ilé iṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀, èmi gan-an kò sì ní lè gbà yín sílẹ̀. Ẹ bèèrè iye tí ìwé iṣẹ́ òwò yóò jẹ́, àti ti oníbàárà tó bá fara pa. Ẹ bèèrè bóyá ìkún omi wà nínú rẹ̀, nítorí ó sábà máa ń jẹ́ àfikún tí wọ́n ń san owó ọ̀tọ̀ fún. Ẹni tó mọ odò Ògùn kò ní fi ìyẹn ṣeré.

Ohun tí mo kọ yìí kò lè rọ́pò ìwé tí ẹ máa buwọ́ lù. Òfin insọ́ránsì tuntun tí Ààrẹ buwọ́ lù lọ́dún 2025 ti rọ́pò ti 2003, nítorí náà ẹ bèèrè iye tó wà lóde lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ sanwó. Ẹ má gba "ẹ ó san tó bá yá": láìsanwó, kò sí ààbò. Bí sátífíkéètì bá dé, ẹ wò ó lórí askniid.org bóyá ó wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ẹ tún wo ẹnu ọ̀nà kárávánì náà. Apá òsì ni wọ́n máa ń fi í sí ní England, nítorí apá òsì ni wọ́n ń wakọ̀. Àwa ti kó lọ sí apá ọ̀tún láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972. Bí ẹ bá gbé e dúró sẹ́bàá títì ní Kútọ̀ bí mọ́tò ṣe ń dúró, àárín títì ni ilẹ̀kùn yóò ṣí sí, ibẹ̀ sì ni àwọn tó fẹ́ ra ọ̀fadà máa dúró. Ẹ wá àyè tó jìnnà sí títì fún un, tàbí kí wẹ́dà gé fèrèsé ìtajà sí apá kejì. Bí ẹ bá gé e, ẹ sọ fún adójútòfò, kí ẹ sì ya fọ́tò tuntun.