Ẹ Bi Wá: Kí Ló Dé Tí Àgbẹ̀ Inú Àwòrán Òyìnbó Kì Í Làágùn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi tó ń kọ́ṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú ìwé àwòrán òyìnbó àtijọ́ kan wálé, oko ló kún inú ẹ̀, àmọ́ àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ò jọ ẹni tó rẹ̀ rárá. Owó kòkó ni wọ́n fi tọ́ mi, mo mọ bíṣẹ́ oko ṣe ń rí lára. Ṣé tiwọn rọrùn tó bẹ́ẹ̀ ni? (Òǹkàwé yín, Iléṣà)

ÌDÁHÙN: Kò rọrùn o! Ẹni tó sanwó àwòrán ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè. Nicolas Poussin, ọmọ Faransé tó fi Róòmù ṣe ilé, láàárín 1660 sí 1664 ló ya ìgbà mẹ́rin inú ọdún fún Duke Richelieu, ìjòyè ńlá kan ní Faransé, nínú ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, Rúùtù inú Bíbélì ló kúnlẹ̀ níwájú Bóásì tó ni oko, láàárín oko ọkà. Rúùtù yìí, opó ni, àlejò ni, ṣe ló wá pèéṣẹ́ kóun àtìyá ọkọ ẹ̀ lè rí nǹkan jẹ, síbẹ̀ ẹ ò ní rí ebi lójú ẹ̀, gbogbo nǹkan wà létòlétò, kódà àwọn ẹṣin tó ń tẹ ọkà lọ́ọ̀ọ́kán. Bí onílẹ̀ tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ níbí bá ní kí wọ́n ya oko òun, ṣé òógùn lébìrà ló máa fẹ́ gbé kọ́ sí pálọ̀?

Ayàwòrán mìíràn, Pieter Bruegel, ló wù mí jù. Oníṣòwò olówó kan ní Antwerp ló yàwòrán ìkórè fún ní 1565, àmọ́ ó lajú wo èèyàn: ọkùnrin kan na gbalaja sábẹ́ igi, oorun ti gbé e lọ, àwọn kan ń jẹun, àwọn yòókù ṣì ń gé ọkà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti roko rí mọ irú oorun yẹn. New York ni àwòrán náà wà báyìí, ní Metropolitan Museum, ilé tí wọ́n ń kó iṣẹ́ ọnà sí.

Jean-François Millet ní tiẹ̀, ọmọ àgbẹ̀ gan-an ni, láti Normandy ní Faransé. Ní 1857 ló ya obìnrin mẹ́ta tó ń pèéṣẹ́, wọ́n tóbi níwájú, méjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, inú sì bí àwọn kan ní Paris pé kí ló ń gbé òtòṣì síwájú àwọn sí. Kábúrò yín gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Poussin, kó wá wo ibi tí wọ́n fi ọ̀gá oko sí: Bóásì wà níwájú gbangba, ọ̀gá ti Millet wà lẹ́yìn pátápátá lórí ẹṣin, kò ju èékánná lọ.