Ọ̀sà ni ilé bàálù ojú omi: bí ẹ ṣe lè wá àwọn tí kò padà sí Àpápá

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní bàbá yín àgbà bá àwọn òyìnbó RAF (ẹgbẹ́ ológun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì) ṣiṣẹ́ ní Àpápá nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n sì máa ń sọ nípa bàálù kan tó gbéra lójú omi lọ́jọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò rí mọ́. Ẹ fẹ́ mọ bí ohun tó lè bà sórí omi ṣe ń sọnù sínú omi, àti ibi tí èèyàn ti lè rí orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀sà yàtọ̀ sí òkun, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Catalina àti Sunderland, irú bàálù ojú omi méjì, ni wọ́n lò ní Àpápá, ọ̀sà ni wọ́n sì ṣe àwọn méjèèjì fún. Abẹ́ wọn rí bí abẹ́ ọkọ̀ ojú omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ìṣó kéékèèké kàn mọ́ra ni, kì í ṣe pákó ìrókò. Sunderland tó rù kún lè wọ̀n tó tọ́ọ̀nù 26. Tí ẹrù bẹ́ẹ̀ bá fi eré tó lé ní kìlómítà 140 láàárín wákàtí kan gbá ìgbì òkun, bíi kó gbá ògiri ni. Lójú ọ̀sà tó ní ààbò, ó ń bà jẹ́jẹ́. Lójú òkun gbalasa, ẹni tó bá bà á láìfọ́ ti ṣe gudugudu méje.

Lábẹ́ apá kọ̀ọ̀kan ni ohun kan wà tó dà bí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kékeré, float ni wọ́n ń pè é. Òun ni kì í jẹ́ kí apá tẹ̀ wọ omi. Tí ìgbì bá já ọ̀kan dànù, apá yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ á wá gba ihò òrùlé jáde, wọ́n á rá lọ sí ìpẹ̀kun apá kejì, wọ́n á jókòó síbẹ̀ kí ìwúwo ara wọn lè tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Apá náà tutù, ó ń yọ̀, kò sí ohun tí wọ́n lè dì mú dáadáa, ìgbì sì ń gbé e sókè sódò. Àwọn tó kù nínú ń wá ibi tí ìṣó ti já, wọ́n ń ki igi àti aṣọ bọ ihò kọ̀ọ̀kan. Tí ọkọ̀ tó máa gbà wọ́n kò bá sí nítòsí, kò ní pẹ́ kí omi tó borí wọn.

Omi tó dákẹ́ rọ́rọ́ bíi dígí náà ń pa wọ́n. Ojú kò ní mọ ibi tí omi ti bẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ á rò pé òun ṣì wà lókè, imú bàálù á ti wọ omi. Ohun tí wọ́n kọ́ wọn ni pé kí wọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé ojú rárá: kí wọ́n gbé imú sókè díẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì ṣì máa ṣiṣẹ́, kí wọ́n máa sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 200 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan títí abẹ́ á fi kan omi fúnra rẹ̀. Omi gígùn ni èyí ń gbà, àfi tí àyè bá wà. Ẹ fi ìkúùkù ọyẹ́ àti ìjì alẹ́ ti etíkun tiwa kún un.

Ti ẹ́ńjìnnì náà wà. Ẹ́ńjìnnì Pegasus mẹ́rin ló wà lórí àwọn Sunderland àkọ́kọ́. Tí ọ̀kan bá kú, wọn kò lè yí ojú abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ kó dúró jẹ́ẹ́. Atẹ́gùn á máa yí i lọ láìsí òróró, ó lè gbóná títí á fi já, kó sì gé nǹkan mìíràn lọ. Mẹ́ta tó kù kì í sábà lè gbé bàálù tó rù kún sókè fún ìgbà pípẹ́. Ìgbà tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì Twin Wasp sórí Mark V, irú Sunderland tó dé gbẹ̀yìn, ni wàhálà yẹn tó dẹ̀. Nítorí náà, ẹ má yára kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀tá ló pa wọ́n. Ọ̀pọ̀ ni ojú ọjọ́, òkè tàbí ẹ́ńjìnnì pa. Sunderland W4026 tó gbé ọmọọba Duke of Kent ní ọjọ́ 25, oṣù kẹjọ, 1942, òkè ló kọ lù ní Caithness ní Scotland. Èèyàn 15 ló wà nínú rẹ̀, ẹni tó wà nídìí ìbọn ẹ̀yìn nìkan ló yè.

Ti ọ̀tá kò ṣòro láti yé. Ẹsẹ̀ bàtà 50 péré sókè omi ni wọ́n ti máa ń ju bọ́ǹbù sí ọkọ̀ abẹ́ omi, tààrà ni wọ́n sì ń bọ̀. Ní 1943, wọ́n pàṣẹ fún àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì pé kí wọ́n dúró lójú omi, kí wọ́n máa yìnbọn padà. Bàálù ńlá tó ń bọ̀ tààrà kò ṣòro láti yìn. Nígbà tí wọ́n bá sì so wọ́n mọ́lẹ̀ lójú omi, wọn kò ní ibi sá sí rárá. Ní Broome ní Ọsirélíà, ọjọ́ 3, oṣù kẹta, 1942, àwọn bàálù Zero ti Japan bá bàálù ojú omi 15 níbi tí wọ́n so wọ́n mọ́, wọ́n sun gbogbo wọn. Àwọn obìnrin àti ọmọdé tó ń sá ogun bọ̀ láti Java wà nínú àwọn kan. Ó kéré tán, èèyàn 88 ló kú lọ́jọ́ náà. Nígbà tí omi bá fà lọ pátápátá ní Roebuck Bay, egungun àwọn bàálù yẹn ṣì ń hàn títí dòní.

Ẹni tó bá yè lọ́wọ́ bíbà náà kò tíì yè. Ẹ wo David Hornell, awabàálù ọmọ Kánádà, láti 162 Squadron (squadron ni ẹgbẹ́ bàálù ogun). Canso ni wọ́n ń pe Catalina tiwọn. Ọjọ́ 24, oṣù kẹfà, 1944, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì U-1225 yìnbọn lu apá ọ̀tún bàálù rẹ̀ ní àríwá Shetland, iná sọ, ó ṣì ju bọ́ǹbù rẹ̀, ó sì rì í. Ẹ́ńjìnnì ọ̀tún já bọ́ sínú òkun. Ó bà sórí ìgbì, bàálù rì. Ọkọ̀ rọ́bà méjì ni wọ́n ní, ọ̀kan bẹ́. Àwọn mẹ́jọ wá ń fi ẹyọ kan pín ara wọn: àwọn kan nínú rẹ̀, àwọn kan nínú omi tí wọ́n di etí rẹ̀ mú, wọ́n ń gbà á fún ara wọn. Bàálù tó rí wọn ju ọkọ̀ ìgbàlà sílẹ̀, ó bọ́ síbi tí ọwọ́ wọn kò lè tó o. Wákàtí 21 ni wọ́n lò. Òtútù pa méjì. Hornell kú láìpẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n gbé wọn.

Àwọn yẹn ni wọ́n rí o. Bàálù tó ń ṣọ́ òkun kì í sọ̀rọ̀ lórí rédíò àfi tó bá pọn dandan, kí ọ̀tá má bàa gbọ́. Nítorí náà, wákàtí mẹ́wàá lè kọjá kí ilé tó fura. Rédíò ìgbàlà aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń gbá mọ́ àárín itan, tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, ń pe SOS lórí 500 kHz. Ìwé àfòlókè (kite) tàbí fèrè rọ́bà tí wọ́n fẹ́ (balloon) ni wọ́n fi ń gbé wáyà rẹ̀ sókè. Kó tó wúlò, ẹnìkan gbọ́dọ̀ ti gbé e jáde kí bàálù tó rì.

Ní ti wíwá orúkọ, 270 Squadron ló wà ní Àpápá. Jui ní Sierra Leone ni wọ́n ti tún un dá sílẹ̀ ní 1942, ó dé Àpápá ní 1943, wọ́n sì tú u ká ní ọjọ́ 30, oṣù kẹfà, 1945. Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn àgbà ilé bóyá bàbá dárúkọ ẹ́ńjìnnì méjì tàbí mẹ́rin. Méjì ni Catalina, mẹ́rin ni Sunderland. Catalina ni wọ́n kọ́kọ́ lò, Sunderland ló dé gbẹ̀yìn, ìyẹn nìkan á ti gé ọdún tí ẹ máa wá kù.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sórí ìtàkùn National Archives ti Kew ní England, ẹ wá AIR 27, ìyẹn àwọn ìwé ìròyìn squadron, fún 270 Squadron. Ìwé méjì ló wà fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Form 540 ń sọ ìròyìn ojoojúmọ́ ní ṣókí. Form 541 ni ẹ nílò jù: ọjọ́, nọ́ńbà bàálù, orúkọ gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀, Time Up (aago tó gbéra), Time Down (aago tó bà). Ẹ fi ìka tọ ìlà Time Down lọ sísàlẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti rí àlàfo, tí kò sí aago kankan, ẹ dúró níbẹ̀.

Ẹ má fi lẹ́tà ara bàálù wá nǹkan. Bí E bá sọnù, bàálù tuntun tó bá dé lè tún di E, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń so òkú méjì pọ̀. Nọ́ńbà bíi W4026 kò ní ìkejì.

Tí orúkọ bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ wá a lórí ìtàkùn CWGC, àjọ tó ń tọ́jú sàréè àti orúkọ àwọn ológun Commonwealth tó kú sógun. Ibí yìí ni àwọn èèyàn ti ń sọ̀rètí nù láìnídìí: ibi ìrántí awabàálù ní Runnymede ní England ni wọ́n ń wò, wọn kò sì rí i. Àwọn awabàálù tó gbéra láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí kò ní sàréè, ara Malta Memorial ní Floriana ni orúkọ wọn wà. Ẹ tún wo ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, torí pé bàálù tó gbéra lálẹ́ lè ní ọjọ́ méjì nínú ìwé méjì.

Ẹ wò ó bóyá ọmọ Ọsirélíà wà láàárín wọn. Bó bá wà, inú yín á dùn: fáìlì A705 ní National Archives of Australia máa ń ní lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ìdílé àti àbájáde ìwádìí, wọ́n sì ti gbé ọ̀pọ̀ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Fáìlì ẹnìkan yẹn á sọ ìtàn gbogbo wọn.

Tí ẹ bá fura sí ọkọ̀ abẹ́ omi, ẹ fi ọjọ́ náà wé ti uboat.net, ìtàkùn tó ń kọ ìtàn àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì, kí ẹ sì rántí pé aago Jámánì fi wákàtí kan tàbí méjì ṣíwájú GMT. Nígbà mìíràn ẹnu ọ̀tá nìkan ni ìtàn wà. Lloyd Trigg, awabàálù ọmọ New Zealand, gbéra láti Yundum ní Gambia pẹ̀lú Liberator, bàálù orí ilẹ̀, ní ọjọ́ 11, oṣù kẹjọ, 1943. Ó rì ọkọ̀ abẹ́ omi U-468, òun àti gbogbo àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ sì kú. Sunderland kan rí ọkọ̀ rọ́bà lójú omi lọ́jọ́ kejì, wọ́n rò pé awabàálù ni, àfi ìgbà tí ọkọ̀ ogun Clarkia débẹ̀ tó bá ará Jámánì méje nínú ọkọ̀ rọ́bà bàálù Trigg. Ẹ̀rí tí àwọn yẹn jẹ́ ni wọ́n fi fún un ní Victoria Cross, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Tí ẹ bá ti rí ìlà tó ní àlàfo yẹn, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ àti nọ́ńbà bàálù náà síbí. Tí ìkọ̀wé ọwọ́ wọn kò bá ṣe é kà, ẹ ya fọ́tò ojú ewé náà, a ó jọ kà á.