Bọ́ọ̀sì tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ni kẹ́ ẹ fi ṣáájú ìpolongo

Àbúrò, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ní àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ èrò, àwọn ọ̀gá rẹ sì ní kí o kọ ètò tí yóò mú káwọn èèyàn máa gbé mọ́tò wọn sílé, kí wọ́n máa wọ bọ́ọ̀sì, kí wọ́n máa fẹsẹ̀ rìn, kí wọ́n máa gun kẹ̀kẹ́, kí èéfín lè dín kù. Owó tó wà nílẹ̀ ò pọ̀. O wá ń béèrè èwo ni kẹ́ ẹ fi ṣáájú: kẹ́ ẹ dín owó ọkọ̀ kù, àbí kẹ́ ẹ ṣe ìpolongo, àbí kẹ́ ẹ ṣe ibi tí wọ́n á máa gbé kẹ̀kẹ́ sí láwọn ibùdókọ̀ ńlá. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi wà nídìí irú iṣẹ́ yìí. Ìpolongo ni àwa fi ṣáájú, mi ò sì fẹ́ kí ohun tójú mi rí ṣẹlẹ̀ sí ẹ.

Àwọn onímọ̀ kan tí wọ́n háyà láti ìta ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Wọ́n ya àwòrán tó rẹwà: ewé tútù, ọmọdé tó ń rẹ́rìn-ín, bọ́ọ̀sì tó ń dán. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ káàkiri, wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò pé kí onímọ́tò gbé mọ́tò rẹ̀ sílé lọ́jọ́ kan péré lọ́sẹ̀. Àwọn èèyàn sì gbọ́. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn títí dòní, pé wọ́n gbọ́ tiwa. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, a rí ojú tuntun láwọn ibùdókọ̀, àwọn tó wọ bàtà ọ́fíìsì, tí wọ́n ń na ọrùn wo ọ̀nà. Bọ́ọ̀sì ò dé. Ìgbà tó máa dé, mẹ́ta ló dé pọ̀.

Mo wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó pọn ọmọ, tó tún fa òmíràn lọ́wọ́. Òjò ń wẹliwẹli. Ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ mi, mo ń kọ àkókò tí bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan bá dé. Aago 7:04 ni ọ̀kan lọ. Ó di 7:37 kí òmíràn tó yọ. Èrò kún un débi pé ilẹ̀kùn ò ṣeé tì, awakọ̀ ò tiẹ̀ dúró. Ìkejì wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbáágbá, kò ju ìdajì lọ, àmọ́ ó dúró jìnnà sí wa, àwọn tó lè sáré nìkan ló bá a. Ẹ̀kẹta, èèyàn mẹ́rin péré ló wà nínú rẹ̀, òun náà kọjá lọ fìrì nítorí pé ó ti pẹ́. Obìnrin yẹn wò mí, ó rí káàdì iṣẹ́ tó wà lọ́rùn mi, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní ká wá." Kò pariwo. Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó padà sílé. Gbogbo àárọ̀ tí mo tún fi dúró níbẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, mi ò rí i mọ́.

Mo gbé ìwé mi lọ sípàdé. Ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ yẹn dìde, ó ní bọ́ọ̀sì mẹ́fà ń kọjá láàárín wákàtí kan, pé ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú 10 nìyẹn, pé a ti ṣe ohun tí a lérí. Òótọ́ ni pé mẹ́fà ló kọjá. Àmọ́ ìwọ náà ṣírò rẹ̀ wò. Tí bọ́ọ̀sì mẹ́fà bá fi ìṣẹ́jú 10 jìnnà síra wọn, ẹni tó kàn rìn dé ibùdó yóò dúró fún ìṣẹ́jú 5, tí a bá pín in dọ́gba. Tí wọ́n bá ń dé ní mẹ́ta-mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú 30, ìṣẹ́jú 15 ni yóò dúró, àwọn míì yóò sì dúró tó 30. Iye bọ́ọ̀sì ò yí padà, epo ò yí padà, owó oṣù awakọ̀ ò yí padà, ìdúró ló di ìlọ́po mẹ́ta. Àwọn tó ń ṣèwádìí ìrìnnà sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ pé ìṣẹ́jú kan tí èèyàn fi dúró ní ibùdó máa ń rí lára rẹ̀ bí ìṣẹ́jú méjì nínú ọkọ̀ tó ń lọ. Mo ṣàlàyé gbogbo èyí. Ọ̀gá wa gba ti onímọ̀ yẹn, torí ohun tó wù ú láti gbọ́ ló sọ. Inú ṣì ń bí mi.

Èyí tó burú jù ni pé awakọ̀ ni wọ́n di gbogbo ẹ̀bi rù. Wọ́n ní wọ́n ń fi iṣẹ́ ṣeré. Wọ́n gé owó oṣù àwọn míì. Jẹ́ kí n tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni kò mọ̀ ọ́n. Bọ́ọ̀sì méjì gbéra bó ṣe yẹ, ìṣẹ́jú 10 ló wà láàárín wọn. Ti iwájú pẹ́ díẹ̀, bóyá iná pupa ló dá a dúró, bóyá arúgbó kan ń gòkè. Nítorí pé ó pẹ́, èrò tó ti pé jọ ní ibùdó tó kàn ju iye tó yẹ kó bá lọ. Kí wọ́n tó wọlé tán, ó tún pẹ́ sí i. Ibùdó tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ti ẹ̀yìn ní tirẹ̀ ò rí èrò gbé mọ́ torí wọ́n ti kó wọn lọ, ló bá ń yára títí tó fi lé ti iwájú bá. Gbé awakọ̀ tó mọṣẹ́ jù láyé síbẹ̀, bákan náà ni yóò rí. Ìyà ò wò ó sàn, ṣe ló lé àwọn awakọ̀ wa tó dáa jù lọ kúrò.

Ohun tó wò ó sàn nígbà tó yá ò gbówó lórí. A fi ẹnì kan sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà àti àárín rẹ̀ pẹ̀lú aago, òun ló ń sọ pé kí ìwọ dúró díẹ̀, kí ìwọ máa lọ. A ní kí èrò máa gba gbogbo ilẹ̀kùn wọlé, kí wọ́n má tò síwájú awakọ̀ láti sanwó. A ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì níbi tí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ti le jù. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn, mi ò ní fà á gùn. Kí o kàn má gbàgbé pé kéèyàn kun ọ̀dà sójú títì nìkan kò tó. Curitiba ní Brazil ti ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì láti 1974, Bogotá ní Colombia sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2000. Ní Bogotá, èrò ń sanwó ní ibùdó kí bọ́ọ̀sì tó dé, ilẹ̀ ibùdó sì ga dọ́gba pẹ̀lú ti inú bọ́ọ̀sì, kò sí pé à ń gòkè à ń sọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ ni ìṣẹ́jú ti ń padà wá.

Ní ti owó ọkọ̀, dídín in kù dáa fún aláìní, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Àmọ́ má retí pé òun nìkan ló máa kó àwọn onímọ́tò jáde. Tallinn, olú ìlú Estonia, sọ ọkọ̀ èrò di ọ̀fẹ́ fún àwọn ará ìlú rẹ̀ ní oṣù kìíní 2013. Èrò pọ̀ sí i lóòótọ́, àmọ́ ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀ fi hàn pé àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn tẹ́lẹ̀ ló pọ̀ nínú wọn. Jámánì ta tíkẹ́ẹ̀tì oṣooṣù ní yúrò 9 láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ 2022. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 52 ni wọ́n tà, ọkọ̀ ojú irin sì kún àkúnya. Lójú tèmi, ohun tó wúlò jù nínú rẹ̀ ni pé tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni, ó ṣiṣẹ́ láti ìlú kan dé òmíràn, láti bọ́ọ̀sì dé ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n tún gbé irú rẹ̀ jáde ní oṣù karùn-ún 2023, ní yúrò 49. Tí owó yín bá kéré, ibi tí ẹ máa fi sí nìyí: ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì méjì kó tó débi iṣẹ́, kó má sanwó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó jìnnà jù ni owó ìlọ́po yẹn ń jẹ níyà, àwọn náà ni mọ́tò ń wù jù.

Àwọn míì á sọ fún ẹ pé bọ́ọ̀sì tó dáa ti tó. Kò tó. Stockholm ní Sweden fi bọ́ọ̀sì kún ọ̀nà ní oṣù kẹjọ 2005, mọ́tò tó ń wọ àárín ìlú ò fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ mọ́tò tó ń wọlé, ní oṣù kìíní 2006, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún lára mọ́tò yẹn ló kúrò lọ́nà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló lòdì sí i kó tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti rí i fún oṣù méje, àwọn ará ìlú dìbò ní oṣù kẹsàn-án, àwọn tó fara mọ́ ọn ló pọ̀ jù, ó sì di òfin ní 2007. Wo bí wọ́n ṣe tò ó: bọ́ọ̀sì ti wà nílẹ̀ kí owó tó bẹ̀rẹ̀. London náà ti fi bọ́ọ̀sì kún ọ̀nà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní oṣù kejì 2003. Àjọ yín lè má ní agbára láti gba irú owó bẹ́ẹ̀. Wá ẹni tó ní in, kí o sì jókòó tì í láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwa dúró di ọdún kẹrin, wọ́n ti buwọ́ lu ọ̀nà onílà mẹ́fà fún mọ́tò nígbà yẹn.

Wọ́n á tún gbé bọ́ọ̀sì oníná wá bá ẹ. Ó dáa gan-an, Shenzhen ní Ṣáínà ti sọ gbogbo bọ́ọ̀sì rẹ̀ di oníná ní ìparí 2017, ó ju 16,000 lọ. Àmọ́ béèrè ibi tí iná máa ti wá, ibi tí wọ́n á ti máa gba iná lóru, àti ẹni tó máa tún un ṣe, kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lùwé. Bọ́ọ̀sì tó ń lo dísù tí èrò 60 bá wà nínú rẹ̀ ti mú ọ̀pọ̀ mọ́tò kúrò lójú títì. Oníná tí èèyàn mẹ́rin wà nínú rẹ̀ ò tíì ṣe é.

Díẹ̀ ló kù kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n á máa gbé kẹ̀kẹ́ sí tí o béèrè. Ẹ ṣe é, kò wọ́n. Utrecht ní Netherlands kọ́ èyí tó gba kẹ̀kẹ́ 12,500 sábẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin, wọ́n parí rẹ̀ ní 2019, èèyàn lè gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ inú rẹ̀ tààrà, wákàtí 24 àkọ́kọ́ sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ̀yin ò nílò tó bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ 20 ni owó yín ká, ẹ gbé e sí ojútáyé, níbi tí òṣìṣẹ́ ti ń rí i láti ojú fèrèsé, kí iná mọ́lẹ̀ síbẹ̀, kí òrùlé wà lórí rẹ̀. Kí irin tí wọ́n máa so ó mọ́ jẹ́ èyí tó di ara kẹ̀kẹ́ mú, kó má jẹ́ èyí tó di táyà nìkan mú. Ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n gbé tiwa sí. Lọ́sẹ̀ kìíní, wọ́n jí kẹ̀kẹ́ mẹ́ta, táyà iwájú nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ lára irin. Kí ẹ sì tún ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ dé ibùdó ṣe, torí gbogbo ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn.

Kó o tó kọ ìlà kan nínú ètò náà, mú ìwé àti aago, lọ dúró ní ibùdó mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ méjì, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí o kọ àkókò tí bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan dé àti iye èrò tó fi sílẹ̀ níbẹ̀. Tí o bá parí, gbé e wá síbí, màá bá ẹ wò ó.