Igún kọ́ la fi ń ṣẹbọ

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan ló béèrè báyìí: "Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Olóòtú kan sọ lórí rédíò pé òwe 'Bí a ò bá rí igún, a ò gbọdọ̀ ṣẹbọ. Bí a ò bá rí àkàlà, a ò gbọdọ̀ ṣorò' túmọ̀ sí pé ẹyẹ burúkú ni igún, òun ni wọ́n sì fi ń ṣẹbọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Olùkọ́ wa tún ní igún wà nísàlẹ̀ òkun. Kí ni wọ́n ń rí jẹ níbẹ̀?"

Ta ló gbé gbohùngbohùn lé ẹni yẹn lọ́wọ́? Ó dájú pé wọn ò bá a wí rí fún sísọ igún lókò. Ohun tí ìyá tèmi fi ń lé wa kúrò lẹ́yìn igún ni pé, "A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí." Igún kì í ṣe ẹran ẹbọ, òun ló ń jẹ ẹbọ. Ẹbọ tá a gbé sí oríta tí ohunkóhun ò fẹnu kàn, ọkàn ẹlẹ́bọ ò lè balẹ̀ lórí ẹ̀. Ìgbà tí igún bá bà, tó jẹ ẹ́, la tó ń sọ pé ó dà. Ohun tí mo rí nínú òwe yẹn nìyẹn: ohun tó bá bọ́ sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń dúró dè é. "Gúnnugún kì í kú léwe" àdúrà ni tiẹ̀, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Ilé wa ò jìnnà sí odò ẹran nígbà tí mo wà ní kékeré. Kí alápatà tó pọ́n ọ̀bẹ, igún ti tò sórí páànù, tí èékánná wọn ń dún bí ìgbà téèyàn ń ha ìdí ìkòkò. Bí wọ́n bá ti da ìfun síta, ọ̀kan á ki orí pípá rẹ̀ bọ abẹ́ ìhà màlúù títí dé ọrùn. Kí oòrùn tó mú, ilẹ̀ ibẹ̀ ti mọ́ tónítóní.

Bí ìsàlẹ̀ òkun náà ṣe rí nìyẹn, ọmọ mi. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn kì í kọjá nǹkan bí 1,000 mítà, bẹ́ẹ̀ òkun jìn tó bíi 3,700 mítà tá a bá pín in dọ́gba. Ewéko kan ò lè hù níbẹ̀. Òkú kòkòrò, ìgbẹ́ ẹja àti èérún ohun abẹ̀mí ló ń rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí eruku ọyẹ́, àwọn tó wà lọ́nà sì ti jẹ èyí tó pọ̀ jù kó tó débẹ̀. Ẹran kan wà tó rí bí apálá, ẹrẹ̀ ló ń gbé mì bí ekòló kó lè rí ìwọ̀nba tó wà nínú ẹ̀.

Ẹbọ ńlá ibẹ̀ ni àbùùbùtán. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: ẹran tí a bù, bù, tí kò tán. Ó ń tán o! Bó bá kú tó sì rì, ẹja kan tí kò ní párì, tó ń yọ̀ ju ilá lọ, á gba ojú ọgbẹ́ wọ inú òkú náà, á máa jẹ ẹ́ látinú bọ̀ síta. Igún gan-an nìyẹn. Nígbà tí ẹran bá tán, ó ku egungun. Ní 2002, wọ́n rí aràn kan létí Kalifọ́níà tí kò lẹ́nu, tí kò nífun, tó ta gbòǹgbò sínú egungun àbùùbùtán, tí bakitéríà inú ara rẹ̀ sì ń bá a jẹ ọ̀rá inú ẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ wà tí kì í retí ohun tó ń bọ̀ látòkè, ẹ̀bá ihò omi gbígbóná ni wọ́n ń gbé. Ọdún 1977 la mọ̀ nípa wọn, lẹ́bàá erékùṣù Galápagos. Ìyẹn ò kan òwe wa.

Sùúrù àwọn ẹran ìsàlẹ̀ òkun ló yà mí lẹ́nu jù. Ọ̀kan tó dà bí kòkòrò ńlá, tí wọ́n ń sìn ní Japan, kò jẹun láti oṣù kìíní 2009 títí tó fi kú ní oṣù kejì 2014. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbààwẹ̀ ọjọ́ kan, tẹ́ ẹ ń pariwo ńkọ́?

Igún tiwa ò rí irú ìfaradà bẹ́ẹ̀ lò, torí ebi kọ́ ló ń pa á. Àwa la pa á. Láti 2015 ni wọ́n ti kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tó kù díẹ̀ kó parẹ́ láyé, orí rẹ̀ sì wà lórí àtẹ fún àgúnmu, níwájú àwọn ọmọ tí ìyá wọn ò sọ fún pé a kì í pa á. Mo gba ẹ̀gbẹ́ odò ẹran wa kọjá lẹ́yìn Iléyá. Lékelèéke mẹ́rin àti ajá kan ni mo bá níbẹ̀. Ìfun tí wọ́n dà sílẹ̀ láàárọ̀ ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí mo ń padà bọ̀ nírọ̀lẹ́, eṣinṣin bò ó.