Irin Wo Ló Yẹ Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀kì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ṣọ́ọ̀kì (ohun tó ń di iṣẹ́ mú kó lè máa yí) eléyín mẹ́ta, 200 mm, fún léètì mi, ẹ̀rọ tí a fi ń yí irin gé. Imú ẹ̀rọ náà, ibi tí ṣọ́ọ̀kì ń wọ̀, ní tẹ́rẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀kì kò ní, nítorí náà mo nílò pléètì onítẹ́rẹ́ẹ̀dì tó máa so wọ́n pọ̀. Wẹ́dà kan ní òun á jó nọ́ọ̀tì ńlá mọ́ irin pẹlẹbẹ 12 mm fún mi. Àwọn tó ń da ìkòkò ní àwọn lè bá mi da alumíníọ́ọ̀mù. Èwo ni kí n ṣe? — *Tọ́nà kan, Ìkẹ̀rẹ́-Èkìtì*

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Iná wẹ́dà á ká irin náà kò, àárín nọ́ọ̀tì kò sì ní bá àárín pléètì mu. Alumíníọ́ọ̀mù ti rọ̀ jù, tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀ á tètè jẹ.

Káàsì (irin dídà, cast iron) ni kí ẹ wá. Ó máa ń pa gbígbọ̀n, ó rọrùn láti gé, èédú inú rẹ̀ sì ń ṣe bí gírísì lójú tẹ́rẹ́ẹ̀dì. Mild steel (irin lásán) lágbára jù ú lọ lóòótọ́, ó sì dára fún pléètì tí wọ́n ń fi bóòtù dè. Ṣùgbọ́n bí ìdọ̀tí bá há sáàárín tẹ́rẹ́ẹ̀dì irin méjì, wọ́n á bu ara wọn jẹ, wọ́n á sì gan pa. Níbi tí ẹ bá ti ń fi òòlù gbá a kó lè tú ni imú ẹ̀rọ á ti bàjẹ́.

Lọ́dọ̀ àwọn oníkọ́ńdẹ́mù ní Adó, ẹ bèèrè fúláíwíìlì ẹ́ńjìnnì ìlọta, èyí tó jẹ́ pẹlẹbẹ. Kí àárín rẹ̀ nípọn tó gígùn tẹ́rẹ́ẹ̀dì imú ẹ̀rọ yín, kí ihò rẹ̀ sì kéré ju tẹ́rẹ́ẹ̀dì náà lọ. Ẹ lu ihò díẹ̀ sí i lára wò: ti káàsì á jáde ní lẹ́búlẹ́bú dúdú, ti irin á ká wọ́kọ. Dúrọ́ọ̀mù búrẹ́kì tó ti gbóná rí máa ń le gan-an níbìkan, ọ̀bẹ ló máa ń pa.

Ẹ gé e ní gbígbẹ, nǹkan bí yíyí 30 ní ìṣẹ́jú kan fún ọ̀bẹ HSS (ọ̀bẹ irin líle tí a fi ń gé irin). Kí gígé àkọ́kọ́ wọlé tó 2 mm, nítorí awọ ìta rẹ̀ le, iyanrìn sì wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá kàn ń ha á, ọ̀bẹ á kú. Tẹ́rẹ́ẹ̀dì ni kí ẹ kọ́kọ́ gé. Lẹ́yìn náà, ẹ dè é mọ́ imú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, kí ẹ gé ojú àti èjìká tó máa wọ inú ṣọ́ọ̀kì níbẹ̀. Kí èjìká náà má ju 0.03 mm lọ ní kíkéré sí ihò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀kì, kí gíga rẹ̀ sì fi 0.5 mm dín sí jíjìn ihò náà. Bí ó bá kan ìsàlẹ̀, ojú méjèèjì kò ní pàdé, ṣọ́ọ̀kì á máa mì. Ihò bóòtù lè fi 0.5 mm tóbi ju bóòtù lọ.

Ẹ tẹ́ ìwé sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀rọ, kí ẹ sì bo imú yín: lẹ́búlẹ́bú káàsì tó bá pòpọ̀ mọ́ ọ́ìlì máa ń jẹ bẹ́ẹ̀dì.