Ta Ló Ń Gbé Ọbẹ̀ Wá Fún Ọ ní Coimbra?

Ìlú mọ́kànlá. Ohun tó o fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà rẹ nìyẹn: pé àwọn tẹ́ ẹ jọ lọ sí Coimbra ní Pọ́túgà fún ètò Erasmus, ètò pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Yúróòpù, ti dé ìlú mọ́kànlá láti oṣù Kẹsàn-án, ìwọ ò sì tíì kọjá Lisbon àti Porto. Wọ́n fẹ́ lọ sí Prague, Vienna àti Budapest lóṣù Karùn-ún, o fẹ́ bá wọn lọ, owó ò sí. O wá ń bi mí bóyá kó o yá 600 yúrò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ òru ní London.

Irú lẹ́tà yìí ò ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ mi. Ẹnì kan kọ ọ́ láti Granada, ẹnì kan láti Kraków. Orúkọ ìlú nìkan ló ń yàtọ̀. Ó ti ń sú mi kí n tó kan ibì kan tí ìwọ fúnra rẹ sáré kọjá. O ní:

“Ìyá arúgbó tí mo gba yàrá lọ́wọ́ ẹ̀ máa ń gbé abọ́ ọbẹ̀ aláwọ̀ ewé kan sẹ́nu ilẹ̀kùn mi ní gbogbo Sọ́ńdè láti oṣù Kọkànlá, torí náà oúnjẹ ò fi bẹ́ẹ̀ ná mi lówó. A kì í sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́ èdè wọn. Mi ò tiẹ̀ mọ orúkọ ẹ̀. Mo kàn máa ń fọ abọ́ náà, kí n gbé e padà síbi tó gbé e sí.”

Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Inú mi ò dùn rárá.

Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹrin yìí, Sọ́ńdè tó ti kọjá lé ní ogún. Ẹni tó o ní ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tó lé ní ogún gbé abọ́ kalẹ̀ fún ọ, ó tún bẹ̀rẹ̀ gbé òfìfo rẹ̀, ìwọ sì ń dá a padà bí ẹni ń dá ìgò ọtí padà sínú kéèsì. O ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n ti tọ́ ọ. Nígbà tó o wà ní kékeré, aládùúgbò wo ló bu ọbẹ̀ fún ọ tí wọn ò ní kó o kúnlẹ̀ gbà? Ta ló fún ọ ní oúnjẹ lánàá tó o pàdé rẹ̀ lónìí tí “ẹ ṣé àná, mà” ò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ? Ibo ni “ẹ ṣé àná” ọ̀hún wọlẹ̀ sí?

Ọbẹ̀ náà lórúkọ. Bó o ṣe júwe rẹ̀, tó o ní pòtétò ni wọ́n lọ̀ pọ̀, tí ewé tín-ín-rín sì wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú sọ́séèjì pupa bírí kan, caldo verde ni. Couve ni wọ́n ń pe ewé yẹn, ìbátan kábéèjì ni. Wọ́n á kó ewé náà lé ara wọn, wọ́n á ká a bí ẹní, wọ́n á fi ọwọ́ òsì dì í mú gírígírí, ọ̀bẹ á wá máa gé e lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí òwú. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n, ìka ló ń gé. Ohun tí àgbàlagbà yẹn ń ṣe kó o tó jí ní Sọ́ńdè nìyẹn.

O tún kọ ọ́ nísàlẹ̀, níbi tó o ti ń ráhùn pé ilé wọn tutù, pé o bá búláńkẹ́ẹ̀tì kan lẹ́nu ilẹ̀kùn lóṣù Kìíní, o sì rò pé ti ẹni tó gbé yàrá yẹn ṣáájú rẹ ni. Ọmọ mi, ta lo rò pé ó gbé e síbẹ̀?

Má sọ fún mi pé o ò gbọ́ èdè wọn. Oṣù méje ti tó láti mọ̀ pé “bom dia” ni wọ́n fi ń kíni láàárọ̀, “boa tarde” lẹ́yìn ọ̀sán, “boa noite” bílẹ̀ bá ṣú. “Obrigada” ni obìnrin fi ń dúpẹ́, ọkùnrin ló ń sọ “obrigado”. Àwọn Potogí sì mọ àgbà bí àwa náà ṣe mọ̀ ọ́n. Bí a kì í ti í sọ “ìwọ” sí ìyá arúgbó, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í sọ “tu” sí i. “A senhora” ni wọ́n ń lò, wọ́n á sì fi “Dona” ṣáájú orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n o ò lè pe Dona láìmọ orúkọ tó tẹ̀ lé e.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ọmọ Èkó ni ọ́. Lagos tí wọ́n ń pe ìlú rẹ, ọ̀rọ̀ Potogí ni. Èdè yẹn ni àwọn Àgùdà ń sọ bọ̀ láti Brazil nígbà tí wọ́n padà wálé ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, tí wọ́n fi tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà. Àwọn da Silva, Pereira àti da Rocha ṣì wà láàárín wa. Frejon tí wọ́n ń sè lÉkòó ní ọjọ́ Ẹtì Rere ṣáájú Àjíǹde, feijão ni, orúkọ tí ìyá onílé rẹ ń pe ẹ̀wà títí dòní. Bó o bá pè é létí rẹ̀, á yé e kíákíá.

O ní o ti rí Coimbra tán, pé ọjọ́ mẹ́ta lẹ fi yí gbogbo rẹ̀ po, pé agogo ilé ìṣọ́ yunifásítì nìkan ló kù tó ń dà ọ́ láàmú. Agogo yẹn náà lórúkọ, a Cabra ni wọ́n ń pè é, ìyẹn Ewúrẹ́. Yunifásítì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1290, tó fìdí kalẹ̀ sí Coimbra ní 1537, lo wà, o ń sọ pé o ti rí i tán. Kì í ṣe Coimbra lò ń gbé. Inú Erasmus lò ń gbé, láàárín àwọn àlejò bíi tìrẹ, tí ẹ jọ ń sọ òyìnbó, tí ẹ jọ ń ka iye ìlú.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 1969, ààrẹ Pọ́túgà wá ṣí ilé ẹ̀kọ́ Ìṣirò níbẹ̀. Olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, Alberto Martins, dìde, ó ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ lórúkọ wọn. Wọn ò fún un láyè, wọ́n sì wá mú un lóru ọjọ́ yẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀, wọn ò ṣèdánwò. Wọ́n fagi lé Queima das Fitas, àjọ̀dún wọn tó tóbi jù lọ, ó sì di 1980 kí wọ́n tó tún ṣe é. Pọ́túgà ń bá àwọn tó ń jà fún òmìnira jagun ní Angola, Guinea-Bissau àti Mozambique nígbà náà, láti 1961 títí di 1974 tí àwọn sójà fúnra wọn gbàjọba ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló sá lọ sí ilẹ̀ Faransé, àwọn kan nítorí iṣẹ́, àwọn kan kí wọ́n má bàa kó wọn lọ sójú ogun. Ẹni tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún lónìí ti dàgbà dáadáa nígbà yẹn. Ṣé ó wà ní Coimbra? Ṣé wọ́n mú àbúrò rẹ̀ lọ sógun? Ṣé Paris ni àwọn ọmọ rẹ̀ wà, tí kò fi rí ẹni bu ọbẹ̀ fún ju ìwọ lọ? Èmi ò lè mọ̀. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ìwọ àti ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ní ti 600 yúrò, ẹni tó ń fi oorun rẹ̀ ṣòwò ní London, má pè é.

Sọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí, má dúró de ìró abọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ra ẹ̀wà lọ́jọ́ Sátidé, ra omi àgbọn inú agolo, kó o sè é, kó o lọ̀ ọ́ kúnná, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé yín. Bu ú sínú abọ́ rẹ̀ gan-an, kí abọ́ yẹn má ṣe padà lófìfo mọ́. Ká búláńkẹ́ẹ̀tì náà sápá rẹ. Kan ilẹ̀kùn. Sọ pé “Boa tarde”, kó o wá béèrè: “Como se chama a senhora?”, ìyẹn “Kí lorúkọ yín, mà?” Orúnkún rẹ mọ ohun tó yẹ kó ṣe, jẹ́ kó ṣe é.

Lẹ́yìn náà, kọ̀wé sí mi. Má sọ̀rọ̀ Prague fún mi. Orúkọ rẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ kọ.